OJÚ LALÁKÀN FI Ń ṢỌ́RÍ: Ẹ̀kọ́ Lórí Kámẹ́rà Aṣọ́lé Tí Kò Jí Mọ́ Lẹ́yìn Ìsọdọ̀tun

Láyé àtijọ́, ọdẹ àti ajá ni a fi ń ṣọ́ ilé àti ilé ìkẹ́rù. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àti ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ti fi kámẹ́rà kún un. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí àìtètè mólè, olè ń mú olóko.

Ṣùgbọ́n nínú àyẹ̀wò ìwé tí à ń ṣe káàkiri, a máa ń bá kámẹ́rà tí kò tíì gbó nínú páálí, tí a ní ó ti kú, tí a sì ti kọ owó òmíràn sínú ìwé ìnáwó. Bí a bá béèrè ohun tí ó pa á, ìdáhùn a máa jẹ́ pé, “Ọ̀gá, a ń sọ ọ́ dọ̀tun lórí fóònù ni, kò bá jí mọ́.” Owó àfipamọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni owó náà. Nítorí èyí ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí.

KÍ NI FIRMWARE?

Firmware ni àkójọ àṣẹ tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe kámẹ́rà kọ sínú rẹ̀. Òun ni ó ń sọ bí kámẹ́rà yóò ti máa ya àwòrán, bí yóò ti fi í pamọ́ sínú mẹ́mọ́rì káàdì, àti bí yóò ti gbé e dé orí fóònù wa. Ẹ fi í wé ìwé òfin ẹgbẹ́. Bí kò bá sí ìwé òfin, ènìyàn lè pé jọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò mọ iṣẹ́ tirẹ̀.

Nígbà tí a bá ń sọ firmware dọ̀tun, nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, ẹ̀rọ náà á kọ́kọ́ pa èyí àtijọ́ rẹ́, kí ó tó kọ tuntun sí ipò rẹ̀. Bí iná bá lọ láàárín méjèèjì, ó di ìwé ìpàdé tí akọ̀wé kọ dé ìdajì tí yíǹkì tán. Ṣùgbọ́n apá kékeré kan wà tí à ń pè ní bootloader. Òun ni ó ń kọ́kọ́ jí nígbà tí iná bá dé, tí ó sì ń ṣílẹ̀kùn fún firmware. Ìsọdọ̀tun kì í sábà fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí a pè ní òkú fi jẹ́ pé oorun ni wọ́n ń sùn.

ÌDÍ TÍ A KÒ FI LÈ PA ÌSỌDỌ̀TUN TÌ

Àwọn kan á ní, “Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ bí ó ti wà.” Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2016, ètò búburú kan tí à ń pè ní Mirai wọ inú ọ̀kẹ́ àìmọye kámẹ́rà àti ẹ̀rọ ilé káàkiri àgbáyé. Kọ́kọ́rọ́ tí ó fi wọlé ni orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó lé díẹ̀ ní 60, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti fi sí ẹ̀rọ wọn, tí àwọn tí ó rà wọ́n kò sì yí padà. Ní ọjọ́ 21 Oṣù Kẹwàá ọdún náà, a fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kọlu ilé-iṣẹ́ Dyn ní Amẹ́ríkà, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi rí Twitter àti Netflix lò fún wákàtí púpọ̀. Ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, Hikvision fúnra rẹ̀ kéde àléébù kan, nọ́ḿbà rẹ̀ ni CVE-2021-36260, tí ó lè jẹ́ kí àjèjì máa pàṣẹ fún kámẹ́rà láìní ọ̀rọ̀ aṣínà. Firmware tuntun ni oògùn rẹ̀. Kámẹ́rà tí àjèjì ń fi wo inú ilé wa burú ju èyí tí ó kú lọ.

OHUN TÍ Ó Ń BA IṢẸ́ NÁÀ JẸ́

(a) Iná tí ó lọ lójijì, tàbí ẹni tí ó fi ìkánjú yọ wáyà nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí.

(b) Wi-Fi tí kò lágbára, tí ń já láàárín ọ̀nà.

(d) Fáìlì tí kì í ṣe ti ẹ̀yà kámẹ́rà náà. Orúkọ lè jọra, kí nọ́ḿbà ẹ̀yà yàtọ̀. Ìdí kámẹ́rà ni a ti ń kà á, kì í ṣe ara páálí nìkan.

(e) Fáìlì tí kò wọlé pé sórí kọ̀ǹpútà, tàbí èyí tí a gbà lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀.

(ẹ) Kámẹ́rà tí a ṣe fún ọjà China, tí oníṣòwò kan ti fi ọgbọ́n yí èdè rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá fi firmware ti ọjà mìíràn sí i, ó lè kọ̀ ọ́, tàbí kí ó má jí mọ́.

BÍ A TI Í JÍ I

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ tẹ̀ lé e ní ẹsẹẹsẹ.

1. Ẹ dúró. Ẹ má yọ wáyà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà mìíràn fóònù á ní iṣẹ́ náà kùnà, tí kámẹ́rà sì ń bá a lọ.

2. Ẹ ti ètò orí fóònù pa, kí ẹ tún un ṣí, kí ẹ wo nọ́ḿbà firmware. Bí àwòrán bá ń wọlé, kò sí òkú níbẹ̀. Ẹ tún ìsọdọ̀tun náà ṣe nígbà tí iná àti Wi-Fi bá dúró dáadáa.

3. Bí iná kékeré ara rẹ̀ kò bá tàn rárá, ẹ yẹ ṣájà wò ná. Òmíràn ń lo fóòtì 5, òmíràn 12. Ohun tí a kọ sí ìdí kámẹ́rà ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ fi ṣájà mìíràn tí ó bá a mu àti wáyà kúkúrú dán an wò.

4. Ẹ pa kámẹ́rà, kí ẹ yọ mẹ́mọ́rì káàdì rẹ̀ pamọ́. Ẹ má ṣe fi káàdì yìí ṣe àtúnṣe, nítorí àtúnṣe ń béèrè káàdì tí a ti pa ohun inú rẹ̀ rẹ́. Bí olè bá ti wọ ilé ìkẹ́rù lóru àná, orí káàdì yẹn ni ẹ̀rí wà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tan kámẹ́rà padà láìsí káàdì.

5. Bí kò bá jí, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ń dá a padà sí bí ó ti wà nígbà tí a rà á. Ìwé pélébé tí ó bá kámẹ́rà wá ni yóò sọ ibi tí ó wà àti iye ìṣẹ́jú àáyá tí a ó fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

6. Bí èyí náà kò bá ṣiṣẹ́, ẹ tún firmware kọ sí i. Orí ojú ìwé ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é nìkan ni kí ẹ ti gba fáìlì. Bí wọ́n bá kọ nọ́ḿbà ìdánilójú SHA-256 sí ẹ̀gbẹ́ fáìlì náà, ẹ fi àṣẹ certutil lórí kọ̀ǹpútà Windows yẹ̀ ẹ́ wò. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, fáìlì náà kò pé.

Àpẹẹrẹ kìíní ni Wyze Cam v3. A ó lo mẹ́mọ́rì káàdì tí kò ju 32 GB lọ, tí a ti tò sí FAT32. A ó fi fáìlì firmware sí i níta gbangba, kì í ṣe inú àpò fáìlì kankan, a ó sì sọ ọ́ ní demo_wcv3.bin. A ó ki káàdì bọ kámẹ́rà tí kò sí iná lára rẹ̀, a ó tẹ bọ́tìnnì setup mọ́lẹ̀, a ó ki wáyà iná bọ̀ ọ́. Bí iná rẹ̀ bá ti di àwọ̀ àlùkò, a ó jọ̀wọ́ bọ́tìnnì, a ó sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin ó kéré tán.

Àpẹẹrẹ kejì ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà Hikvision onítòótọ́ tí ó ń lo wáyà. Kọ̀ǹpútà ni a ń lò níbẹ̀ pẹ̀lú ètò TFTP tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe. A ó fún kọ̀ǹpútà ní àdírẹ́sì 192.0.0.128, a ó fi fáìlì digicap.dav sínú àpò kan náà pẹ̀lú ètò TFTP, a ó fi wáyà so méjèèjì pọ̀, a ó wá pa kámẹ́rà, a ó tún un tàn. Kámẹ́rà á fi àdírẹ́sì 192.0.0.64 béèrè fáìlì náà fúnra rẹ̀. A kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan títí yóò fi sọ pé iṣẹ́ parí.

Bí bootloader fúnra rẹ̀ bá ti bàjẹ́, iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ nìyẹn, ẹni tí yóò tú u. Kí ẹ tó jẹ́ kí ó tú u, ẹ wo rìsíìtì bóyá ó ṣì wà lábẹ́ ìlérí àtúnṣe ẹni tí ó tà á. Bí owó iṣẹ́ bá súnmọ́ owó tuntun, ẹ ra tuntun.

LẸ́YÌN TÍ Ó BÁ JÍ

Ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà. Ẹ tún ọjọ́ àti aago rẹ̀ ṣe, nítorí òmíràn á padà sí ọdún 1970, àwòrán olè tí ó bá sì ní ọjọ́ 1970 lè dá àríyànjiyàn sílẹ̀ níwájú ọlọ́pàá. Ẹ dá káàdì rẹ̀ padà lẹ́yìn tí ẹ bá ti da ohun inú rẹ̀ kọ sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì wo àwòrán alẹ́ kan kí ẹ tó gbà pé iṣẹ́ parí.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ÌGBÌMỌ̀

Kí ẹgbẹ́ ní ìwé kékeré kan tí a ó kọ ẹ̀yà kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan sí, pẹ̀lú nọ́ḿbà rẹ̀, ọjọ́ tí a rà á, àti ọjọ́ tí a sọ ọ́ dọ̀tun. Ojú ọ̀sán ni kí a máa ṣe é, lórí inverter tàbí bátìrì, kí ènìyàn méjì wà níbẹ̀. Kí a má sọ kámẹ́rà méjì dọ̀tun lẹ́ẹ̀kan náà, kí ojú kan lè máa ṣọ́nà bí èkejì bá kọ̀. Kí akápò má sì ṣe san owó kámẹ́rà tuntun títí akọ̀wé yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé a ti gbé ìgbésẹ̀ mẹ́fà tí ó wà lókè yìí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ YÍN

1. Kámẹ́rà mélòó ni ẹgbẹ́ yín ní, ta ni ó sì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà wọn?
2. Èéṣe tí a fi ń yọ mẹ́mọ́rì káàdì pamọ́ kí àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀?
3. Ǹjẹ́ kámẹ́rà kan wà nínú páálí lọ́fíìsì yín báyìí? Ta ni yóò gbé e yẹ̀ wò kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé?

Ìdáhùn ìbéèrè kẹta ni a ó kọ́kọ́ béèrè nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ yín fún àyẹ̀wò ìwé.