Ọkọ Mi, Ṣé Epo Lo Fẹ́ Máa Ṣiṣẹ́ Fún?

Ọkọ mi, jókòó. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀, mo ti rí àwòrán ọkọ̀ náà. Ó ga, ó gùn, ó ń kọ mànà, kò sẹ́ni tó máa rí i tí kò ní yíjú wò ó. Àmọ́ kí lo fẹ́ máa fi kó? O kì í ṣe bíríkìlà, o ò ní oko, o ò sin màlúù. Nọ́ọ̀sì ni ọ́. Ẹrù tí ò ń gbé lọ síbi iṣẹ́ kò ju abọ́ ìrẹsì tí ìyàwó wa dì fún ọ àti bàtà tí o fi ń dúró láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì V8 nítorí abọ́ ìrẹsì! Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, ọmọ àbúrò mi.

Mú bírò, ká jọ ṣírò rẹ̀. Ìwé tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà yìí, 15,000 máìlì lọ́dún ni ìjọba fi ń ṣírò owó epo lórí rẹ̀. Ìwọ tí ò ń ti Katy wá sí Medical Center, tí ò ń gbé ọmọ lọ síléèwé, tí ò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí o kì í pa òde ìkómọ kankan jẹ ní gbogbo Houston, ìrìn tìrẹ kò lè dín sí ìyẹn. Ford F-150 oní-V8 tó wọ̀ ọ́ lójú yẹn, nǹkan bí máìlì 20 ló ń rìn lórí gálọ́ọ̀nù epo kan. Toyota Camry, tó jẹ́ pé háíbíríìdì (ọkọ̀ tó ń lo epo àti bátìrì pọ̀) nìkan ni wọ́n ń ṣe láti orí ti ọdún 2025, ń rìn tó 50. Gálọ́ọ̀nù 750 lọ́dún fún ti àkọ́kọ́, 300 fún èkejì. Bí gálọ́ọ̀nù kan bá jẹ́ dọ́là 3 péré, dọ́là 1,350 ni wàá máa dà sínú táǹkì lọ́dọọdún láìnídìí. Ní ọdún márùn-ún, 6,750. A ò tíì mẹ́nu kan owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀, a ò kan ìnṣọ́ránsì, a ò kan táyà. Ìyá rẹ ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lóṣooṣù ní Iléṣà, o sì sọ fún mi lánàá pé ọwọ́ há.

Mo mọ ohun tí wọ́n sọ fún ọ níbi iṣẹ́. Wọ́n ní ẹni tó ń jẹ owó Amẹ́ríkà, ọkọ̀ Amẹ́ríkà ló yẹ kó máa wà, pé ẹni tó bá ra Toyota ń gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ òṣìṣẹ́ Detroit. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, mi ò sì ní kí o fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn lásán. Iṣẹ́ ọkọ̀ ló gbé ìlú yẹn ga, ìlú náà sì jìyà nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí o wádìí ibi tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀, kí o má kàn wo orúkọ tó wà níwájú rẹ̀. Camry yìí, Georgetown ní Kentucky ni wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún 1988. Láti 1982 ni Honda ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Accord ní ilẹ̀ yìí, ní Marysville, Ohio. Kódà Tundra, píkọ́ọ̀pù ńlá Toyota, San Antonio ní Texas wa níbí ló ti ń jáde. Ẹ̀wẹ̀, Chevrolet Trax tó ń jẹ́ orúkọ Amẹ́ríkà, Gúúsù Kòríà ló ti ń wọkọ̀ ojú omi bọ̀, apá kan lára Silverado sì ń ti Silao ní Mẹ́síkò wá. Èwo nínú wọn wá ni onílé, èwo ni àlejò?

Bí o bá fẹ́ mọ̀ lójú ẹsẹ̀, wo nọ́ńbà gígùn tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀. Tó bá fi 1, 4 tàbí 5 bẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. 2 jẹ́ Kánádà, 3 jẹ́ Mẹ́síkò, J jẹ́ Jàpáànì, K jẹ́ Kòríà. Ẹni tó ń fi orúkọ ọkọ̀ bú ọ níbi iṣẹ́, ní kó lọ ka ti ọkọ̀ tirẹ̀.

Òótọ́ kan wà tí mi ò ní fi pa mọ́ fún ọ. Èrè Toyota ń padà sí Jàpáànì. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Kentucky kò sì sí nínú UAW, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ náà ló ń to F-150. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló ń jẹ ọ́ lọ́kàn, ìyẹn nídìí, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ kì í ṣe òun lo sọ fún mi. Dídán lo sọ fún mi.

Ìtàn ọ̀rọ̀ epo àti ọkọ̀ yìí sún mọ́ wa ju bí o ṣe rò lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, nígbà ogun Ísírẹ́lì, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá ní àwọn ò ta epo fún Amẹ́ríkà mọ́. Àgbá epo tó jẹ́ nǹkan bí dọ́là 3 fò dé nǹkan bí 12 láàárín oṣù mélòó kan. Níbí, àwọn èèyàn ń tò sílé epo láti ìdájí. Nílé ní Nàìjíríà, owó epo kan náà ló ya wọlé tí ìjọba Gowon fi rí àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní Údójì san fún òṣìṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975. Bí bàbá rẹ bá ń sọ̀rọ̀ Údójì, owó tó ń jáde lápò àwọn ará ibí ló ń sọ. Ọkọ̀ ńlá Detroit nígbà náà, òmíràn kì í rìn tó máìlì 15 lórí gálọ́ọ̀nù. Ibẹ̀ ni Honda Civic kékeré ti rọ́nà wọlé. Ní 1975 ìjọba ṣòfin pé kí àpapọ̀ ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń tà máa rìn tó máìlì 27.5 tó bá fi máa di 1985, ṣùgbọ́n òfin píkọ́ọ̀pù rọ̀ ju ti ọkọ̀ kékeré lọ. Láti 1964 sì ni owó ibodè 25 nínú ọgọ́rùn-ún ti wà lórí píkọ́ọ̀pù tó bá ti òkèèrè wá (ìjà lórí owó ibodè tí Yúróòpù bù lé adìyẹ Amẹ́ríkà ló fà á). Ibi tí ààbò wà, tí èrè pọ̀, ibẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ yìí lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018 Ford fúnra rẹ̀ kéde pé òun ń fi ọkọ̀ kékeré sílẹ̀. Fusion parí ní 2020, Chevrolet Malibu náà parí ní 2024. Tí wọ́n bá bi ọ́ ìdí tí o ò fi ra ọkọ̀ kékeré Amẹ́ríkà, sọ fún wọn pé o dé ọjà, àwọn tó ń tà á ti palẹ̀ mọ́.

Ohun kan tún wà tó wúwo lọ́kàn mi, nítorí àjèjì ni wá níbí. Ní 1982, nígbà tí iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ará Detroit, ọkùnrin méjì fi igi bésíbọ́ọ̀lù lu Vincent Chin pa. Ọmọ Ṣáínà ni, kì í tilẹ̀ ṣe ará Jàpáànì tí wọ́n ń bínú sí nítorí ọkọ̀. Adájọ́ bu owó ìtanràn 3,000 dọ́là lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kò rán wọn lẹ́wọ̀n. Ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ rẹ̀, máa gbọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá sọ ọ́ di ìkórìíra ẹ̀yà mìíràn, má bá a jókòó, torí ojú àwa náà kò jọ tirẹ̀.

O ní bátìrì háíbíríìdì máa ń kú. Ta ló sọ fún ọ? Láti ọkọ̀ ọdún 2020 ni Toyota ti fọwọ́ sọ̀yà fún bátìrì yẹn fún ọdún 10 tàbí 150,000 máìlì. Gbogbo ìgbà tí o bá tẹ bíréèkì ni agbára tí ìbá ṣòfò ń padà sínú bátìrì náà. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà I-10 ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ́ńjìnnì á kú fúnra rẹ̀, iná á máa fà ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, V8 ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ á sì máa jó epo lórí ìdúró. Tesla tí wọ́n ń ṣe ní Austin kò tilẹ̀ mu epo rárá, àmọ́ ibi tí ò ń gbé kò ní ibi tí o ti lè fi iná sí i lóru. Nígbà tí o bá kọ́lé, a ó tún un sọ.

Ìwọ náà mọ̀ pé bó pẹ́ bó yá, ẹ̀gbọ́n rẹ ní Ìbàdàn ló máa wa ọkọ̀ yìí. Camry ni mẹkáníìkì mọ̀ nílé, Ládípọ̀ ní Mushin kún fún ẹ̀yà ara rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà tí kò tó 200 náírà ti kọjá 1,000 kí 2024 tó parí. Ta ló máa máa rọ epo sí V8 fún un? Ìwọ náà ni wọ́n máa pè.

Lọ́jọ́ tí o bá gba iṣẹ́ kọ́lékọ́lé, ra F-150, mo máa bá ọ gbàdúrà sí i. Tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ Ford dandan lo fẹ́ lónìí, Maverick háíbíríìdì wà, ó mọ epo jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mẹ́síkò ni wọ́n ti ń ṣe é.

Mo ń bá ọ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Má fọwọ́ sí ìwé kankan kí n tó dé, má sì jẹ́ kí wọ́n fi iye tí wàá máa san lóṣooṣù rú ọ lójú. Ka ìwé ara fèrèsé, wa Camry wò, wa Accord wò, kí o sì fi owó epo tó bá ṣẹ́ kù ránṣẹ́ sí ìyá rẹ.