Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Ẹ̀dà Kan Ṣoṣo Kò Tó



Ní oṣù kìíní ọdún 1983, iná jó ilé gogoro NET ní Marina, l'Ékòó. NET ló ń rí sí ìpè tẹlifóònù sí òkè òkun kí wọ́n tó dá NITEL sílẹ̀ ní 1985. Bí ìwé gbèsè bá wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ nìkan, ta la ó bi léèrè owó?

Lónìí, kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò owó ìpè. Nǹkan méjì ló wà nínú rẹ̀: àkọsílẹ̀ ìpè, àti ètò tó ń ṣírò rẹ̀. Ẹni tó tọ́jú àkọsílẹ̀ nìkan ní òǹkà lọ́wọ́, kò mọ iye tí yóò gbà.

Nítorí náà:
1. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjèèjì lálaalẹ́.
2. Ẹ gbé ẹ̀dà kan lọ sí ilé mìíràn. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, àjọjóná ni.
3. Ẹ dá a padà sórí ẹ̀rọ mìíràn, kẹ́ ẹ wò ó bóyá owó bára mu. Ẹ̀dà tí a kò dán wò, ìrètí lásán ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́jà ẹgbẹ́ wa. Kí akọ̀wé mú ọ̀kan, kí akápò mú ẹ̀dà rẹ̀ sílé. Ẹ̀yin náà, ẹ tọ́jú ìwé owó ọwọ́ yín. Bí lẹ́jà bá sọnù, òun ni ẹlẹ́rìí yín.