Ẹni Tó Sùn Là Ń Jí

Àwọn àgbà ní, "Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ." Ẹni tó sùn lóòótọ́, ìpè kan ti tó fún un. Ẹni tó mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ àmọ́ tó dijú, tí kò fẹ́ dìde, kò sí ariwo tí yóò gbé e kúrò lórí ẹní. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra aago àláàmù sẹ́bàá ibùsùn rẹ̀ kọ́kọ́ rò. Aago á ṣe tirẹ̀, á dún lásìkò. Dídìde kù sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká yan aago tó ṣeé fọkàn tán, ká sì máa fi alẹ́ tún òwúrọ̀ wa ṣe.

Kí aago tó wọ ilé wa, àkùkọ ló ń kéde àfẹ̀mọ́júmọ́. "Àkùkọ kọ, ọ̀lẹ pòṣé": ìjà oorun àti iṣẹ́ ti pẹ́ láyé. Ní Amẹ́ríkà, ìtàn sọ pé Levi Hutchins, oníṣẹ́ aago ní ìlú Concord, ní New Hampshire, ṣe aago kan lọ́dún 1787 tó ń dún ní aago mẹ́rin ìdájí nìkan. Wákàtí tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ máa jí nìyẹn. Lọ́dún 1847 ni Antoine Redier, ará Faransé, gba ìwé àṣẹ lórí aago àláàmù tí a lè yí sí wákàtí tó bá wù wá. Ẹ kíyè sí Hutchins: ó ti pinnu ìgbà tí yóò jí kó tó kan aago. Ọ̀pọ̀ nínú wa, aago la kọ́kọ́ ń rà, a kì í sì í ṣe ìpinnu kankan.

"Ohun tó yẹni ló yẹni, okùn ọrùn ò yẹ adìẹ." Ohun tó ń gbé aago ṣiṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ní Nàìjíríà, aago tó jẹ́ pé iná ọba nìkan ló ń lò yóò dójú tini. Bí wọ́n bá mú iná lóru, yóò kú. Bí iná bá dé, yóò máa ṣẹ́jú ní 12:00, ẹni tó ni ín á sì sùn kọjá àkókò. Aago oníbátìrì ló dára jù fún wa. Òkúta kékeré kan tí wọ́n ń pè ní quartz wà nínú rẹ̀, tó ń gbọ̀n nígbà 32,768 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó ṣìnà. Bátìrì kékeré kan lè gbé e fún oṣù púpọ̀. Àmọ́ ẹ má ṣe fi bátìrì tó ti kú sílẹ̀ nínú rẹ̀, omi ara rẹ̀ máa ń jò, á sì jẹ irin aago náà. Bí aago oníná bá wù yín, ẹ ra èyí tó ní àyè bátìrì tí yóò gbà á dúró bí iná bá lọ.

Àwọn tí mọ̀lẹ́bí wọn ń fi ẹrù ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Iná wọn jẹ́ 120 volts, tiwa jẹ́ 230. Ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù lè yanjú ìyẹn, kí aago má jóná. Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà tí ẹ̀rọ náà kò lè tún ṣe. Iná Amẹ́ríkà ń yí nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ń yí nígbà 50 (ìyẹn 50 Hz), àwọn aago kan sì wà tó jẹ́ pé yíyí iná yìí ni wọ́n fi ń ka àsìkò. Bí irú aago bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wa, yóò máa fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣètò rẹ̀ dáadáa ní aago mẹ́wàá alẹ́; nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ní aago mẹ́fà, 4:40 ni yóò máa fi hàn. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ní ibi tí a ti lè yí i sí 50 Hz. Iná Lọ́ńdọ̀nù àti tiwa bára mu, aago ibẹ̀ kò ní irú ìyọnu yìí.

Ìró aago ló kàn. Bí ènìyàn bá ṣe ń dàgbà ni etí rẹ̀ ń pàdánù ohùn tó tín-ín-rín tó sì ga. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ń wádìí nípa ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ bí ilé bá ń jó, wọ́n rí i pé ohùn tó rẹlẹ̀, tó wà ní nǹkan bí 520 Hz, ń jí àgbàlagbà àti ọmọdé ju ohùn tínínrín tó wà ní nǹkan bí 3,000 Hz lọ. Ohùn tínínrín yìí sì ni ọ̀pọ̀ aago kékeré ń lò. Bí ẹ bá ń ra aago fún bàbá tàbí ìyá àgbà, ẹ wá èyí tí ohùn rẹ̀ kì. Ẹni tí etí rẹ̀ di pátápátá lè lo irú èyí tó ń gbọ̀n lábẹ́ ìrọ̀rí. Ní ti ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń já, kó ra èyí tó ń dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kó tó gbóhùn sókè, torí ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ wo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ náà. Ìmọ́lẹ̀ búlúù máa ń lé oorun lọ. Nọ́ńbà pupa tí kò tàn jù ló sàn nínú yàrá. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ki bátìrì bọ̀ ọ́, kó jẹ́ kó dún létí yín kí ẹ tó sanwó, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Iye rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ni yín lára: ṣe bó o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n.

Bí aago bá délé, alẹ́ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìlera gbà pé ó yẹ kí àgbàlagbà sùn tó wákàtí méje, ó kéré tán. Ẹ kà á padà sẹ́yìn láti ìgbà tí ẹ fẹ́ jí. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, tó gbọ́dọ̀ jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má bàa ká a mọ́nà, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ló yẹ kó ti sùn. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: kó lọ aṣọ, kó to báàgì, kó pọn omi ìwẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ohun tó bá ṣe lálẹ́ ni yóò fi kún oorun ìdájí rẹ̀.

Ẹ má ṣe gbé aago síbi tí ọwọ́ yín yóò ti tó o láti orí ibùsùn. Láti ọdún 1956 tí ilé iṣẹ́ General Electric ti gbé aago jáde tó ní bọ́tìnì tí a ń tẹ̀ kó lè dákẹ́ díẹ̀ kó tún dún, ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni apirọrọ ń gbé. Oorun já-ń-já tí a ń sùn láàárín ìdún kan sí èkejì kì í sinmi ara. Orí tó wúwo nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ó sábà máa ń fúyẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30 tí a bá dìde. Ẹ gbé e sórí tábìlì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kí ẹ ní láti dìde rìn kí ẹ tó pa á. Bó bá jẹ́ fóònù lẹ fi ń jí, ibẹ̀ náà ni kó sùn. Kí wákàtí tí ẹ ń jí má sì yàtọ̀ jù lọ́jọ́ ìsinmi, kí ara lè mọ̀ ọ́n.

Lákòótán, ẹ jẹ́ ká wo ìyá ilé. Nínú ọ̀pọ̀ agboolé, òun ni aago gbogbo ènìyàn: á jí ọkọ, á jí àkọ́bí, á tún padà jí èyí tó sùn padà, bẹ́ẹ̀ òun ló sùn kẹ́yìn. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ọmọ tó bá ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ti tó ní aago tirẹ̀. Ẹ rà á fún un, ẹ kọ́ ọ bí yóò ṣe máa yí i, kí ẹ sì fi jíjí ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Bó bá pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó gba ìbáwí rẹ̀ níbẹ̀. Yóò mọ ìdí tó fi yẹ kó tètè sùn lọ́jọ́ kejì. Ìyá rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ sí wákàtí méje tirẹ̀.