Wíwọn Gáàsì tí Ń Jáde Lẹ́nu Ẹran Ọ̀sìn



Nígbà tí màlúù bá jẹun tán tí ó dùbúlẹ̀ sí abẹ́ igi, tí ó ń jẹ àpọ̀jẹ, gáàsì kan ń gba ẹnu àti imú rẹ̀ jáde. Ojú kò rí i, kò sì ní òórùn. Mẹ́téènì ni orúkọ rẹ̀. Bákan náà ni ó ń jáde lẹ́nu àgùntàn àti ewúrẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwọn kéré. Gáàsì yìí wà lára àwọn tí ń sé ooru mọ́ ayé, gẹ́gẹ́ bí aṣọ ìbora ti ń sé ooru mọ́ ara ẹni tí ó sùn. Ìgbìmọ̀ àgbáyé tí ń yẹ ìyípadà ojú ọjọ́ wò, èyí tí a mọ̀ sí IPCC, kọ ọ́ ní 2013 pé, láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, kìlógíráàmù kan mẹ́téènì ń sé ooru tó èyí tí nǹkan bí kìlógíráàmù 28 kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì ń sé. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì yìí ni gáàsì tí ń bá èéfín ọkọ̀ àti ti igi ìdáná jáde.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ bèèrè pé kí ni èyí kan àgbẹ̀ tí ó ń wá koríko kiri nínú oṣù kejì ọdún. Ó kàn án, nítorí pé láti inú oúnjẹ ẹran rẹ̀ ni gáàsì náà ti ń wá.

Ẹni tí ó bá ti ra ẹran lọ́wọ́ alápatà mọ ṣàkì. Nígbà tí màlúù ṣì wà láàyè, ṣàkì yìí ni àpò tí ó tóbi jù nínú mẹ́rin tí ó wà ní ikùn rẹ̀, ó sì kún fún àwọn kòkòrò àìfojúrí tí iye wọn kò ṣeé kà. Àwọn ni ń fọ́ koríko líle, èyí tí ikùn ọmọ ènìyàn kò lè dà, sí ohun tí ara ẹran lè lò. Bí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà ni gáàsì háídírójìn ń yọ jáde. Ẹ̀yà kòkòrò mìíràn a sì pa á pọ̀ mọ́ kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì, a di mẹ́téènì. Ara ẹran kò lè lò ó. Bí kò bá gùnfẹ̀ kí ó tú u jáde, ikùn rẹ̀ yóò wú. Púpọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀yìn ni ó ń gbà jáde, wọn a sì máa fi ṣe ẹ̀rín. Ẹnu ni èyí tí ó pọ̀ jùlọ ń gbà. Bí a bá pín agbára tí ó wà nínú oúnjẹ ẹran sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, ìpín mẹ́fà tàbí méje ni ó sábà máa ń bá gáàsì yìí lọ sínú afẹ́fẹ́. Kò di ẹran, kò di wàrà, bẹ́ẹ̀ ni òógùn yín ni ó gé koríko náà wálé.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ní 2016 ni orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fọwọ́ sí Àdéhùn Paris lórí ojú ọjọ́; ní 2021 ó sì dara pọ̀ mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ láti dín mẹ́téènì kù. Ẹni tí ó bá fẹ́ dín nǹkan kù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iye rẹ̀. Níbi tí kò bá ti sí ìwọ̀n tí a ṣe nílé, iye màlúù tí a rò pé ó wà ní orílẹ̀-èdè ni a máa ń mú, tí a ó sì fi iye kan tí IPCC ti kọ sínú ìwé sọ ọ́ di púpọ̀. Ìwé ti 2006 kọ ọ́ pé màlúù Áfíríkà kan tí kì í ṣe ti ìfúnwàrà ń tú kìlógíráàmù 31 mẹ́téènì jáde lọ́dún. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà ṣe ní 2019, iye náà ti kọjá 40. Kì í ṣe pé màlúù wa yí padà láàárín ọdún mẹ́tàlá náà. Ìwé ni ó yí padà. Ní ti ewúrẹ́, kìlógíráàmù 5 ni ìwé 2006 kọ, ewúrẹ́ tí ó wọ̀n tó kìlógíráàmù 40 ni wọ́n sì fi ṣe àwòṣe. Ẹ wo àwọn ewúrẹ́ kúkúrú tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé yín: mélòó nínú wọn ni ó tó bẹ́ẹ̀? Àtúnṣe 2019 gbìyànjú láti ya ẹran kékeré sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè jókòó sí Geneva kí ó wọn ewúrẹ́ Ìsẹ́yìn.

Báwo wá ni a ṣe ń wọn ohun tí a kò rí? Ọ̀nà tí ó dájú jùlọ ni kí a fi ẹran sínú yàrá tí a sé pinpin, tí ẹ̀rọ ń fa afẹ́fẹ́ wọ̀ ní apá kan, tí ó sì ń fà á jáde ní apá kejì. A ó wọn mẹ́téènì tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ tí ó wọlé àti nínú èyí tí ó jáde. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ti ẹran. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn àgbáyé, ILRI, ní irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní ibùdó wọn tí ń jẹ́ Mazingira ní ìlú Nairobi, ní Kenya. Owó ńlá ni yàrá náà ń ná ni, ẹran díẹ̀ ni ó ń gbà, ẹran tí a sì sé mọ́ inú ilé kì í jẹun bí ó ti ń jẹ ní pápá. Irú ìnira bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà mìíràn jáde ní 1994. Wọ́n fi ike irin kékeré kan sínú ṣàkì ẹran. Gáàsì àjèjì kan wà nínú ike náà, wọ́n sì ti mọ ìwọ̀n tí ń jò láti inú rẹ̀ lójúmọ́. Wọ́n wá fi rọ́bà tín-ín-rín kan sí ìtòsí imú ẹran, tí ń fa èémí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú àgòlò tí a gbé kọ́ ọ lọ́rùn, ẹran a sì máa jẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kejì, wọn a wo bí gáàsì àjèjì àti mẹ́téènì ti pọ̀ tó nínú àgòlò náà. Bí a ti mọ èkíní, a ó fi ṣírò èkejì.

A kò ní sọ fún àgbẹ̀ kankan pé kí ó ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Nairobi yìí kan náà ti ṣe iṣẹ́ kan tí ó sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Nyando, ní ìwọ̀-oòrùn Kenya, wọ́n lọ sí agbo àwọn àgbẹ̀ kéékèèké fúnra wọn. Wọ́n wọn ara ẹran ní àkókò kọ̀ọ̀kan nínú ọdún, wọ́n wọn wàrà, wọ́n ṣírò bí ẹran ti ń rìn jìnnà tó, wọ́n sì gbé koríko ibẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Láti inú wọ̀nyí ni wọ́n ti mọ oúnjẹ tí ẹran jẹ. Láti inú oúnjẹ ni wọ́n sì ti mọ mẹ́téènì. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, akọ màlúù tí ó ti dàgbà ń tú nǹkan bí kìlógíráàmù 30 jáde lọ́dún, níbi tí iye ti IPCC jẹ́ 49. Abo tí ó ti dàgbà ń tú 23 jáde, níbi tí ti IPCC jẹ́ 41. Ti ọmọ màlúù nìkan ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Iye 31 tí mo mẹ́nu kàn lókè jẹ́ àròpín gbogbo agbo, tọmọ tàgbà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í dàrú mọ́ ìwọ̀nyí. Ìwé fi ẹran tí ń jẹ àjẹyó ṣe ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ni ẹran àgbẹ̀ kékeré kì í jẹ àjẹyó yípo ọdún. Àwọn onímọ̀ náà kìlọ̀ pé kí a má ṣe gbé iye Nyando lọ lò níbòmíràn, wọ́n sì tọ̀nà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni a lè mú lò.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n ara. Ẹni tí ó bá ní òṣùwọ̀n tí màlúù lè dúró lé, kí ó lò ó. Ẹni tí kò ní, kí ó wá okùn ìwọ̀n irú èyí tí télọ̀ ń lò. Ẹ kíyè sí i pé okùn télọ̀ sábà máa ń pin ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 150, àyà akọ màlúù ńlá sì ń kọjá bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, ẹ fi okùn lásán yí i ká, ẹ sàmì sí i, kí ẹ sì fi ti télọ̀ wọn okùn náà nílẹ̀. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ ṣe é, kí ẹran tó jẹ, kí ó tó mu, nítorí pé omi inú ikùn lè tan òṣùwọ̀n jẹ. Ẹ mú kí ẹran dúró ṣinṣin lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí ó gbé orí sókè. Ẹ gba okùn lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì àti lẹ́yìn iké tí àwọn alápatà ń pè ní tọ́zò, kí ó fara mọ́ awọ ṣùgbọ́n kí ó má fún un. Lẹ́yìn èyí, ẹ wọn gígùn rẹ̀ láti ṣóńṣó egungun èjìká títí dé ṣóńṣó egungun ìdí.

Ẹ fi ìwọ̀n àyà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ tún fi gígùn sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 10,840 pín in. Bí àyà bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 150, tí gígùn sì jẹ́ 120, 150 lọ́nà 150 jẹ́ 22,500. Ìyẹn lọ́nà 120 jẹ́ 2,700,000. Bí a bá fi 10,840 pín in, a ó rí 249. Màlúù náà wọ̀n tó nǹkan bí kìlógíráàmù 250. Láti ara màlúù ilẹ̀ òkèèrè ni ìṣirò yìí ti wá, nítorí náà ó lè yẹ̀ díẹ̀ lára màlúù funfun ti Fúlàní tàbí lára Mùtúrù. Kí ẹni kan náà ṣá máa wọ̀n ọ́n ní ọ̀nà kan náà, kí a lè mọ̀ bóyá ẹran ń sanra tàbí ó ń rù.

Ìwọ̀n oúnjẹ ni ó le jù. Ti ẹran tí a so mọ́lẹ̀ rọrùn: ẹ wọn koríko tí ẹ gbé fún un ní òwúrọ̀, ẹ wọn àṣẹ́kù ní ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n omi ni ó pọ̀ jù nínú koríko tútù. Ẹ mú kìlógíráàmù kan eèsún tútù, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ sá a sí oòrùn, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dín mọ́. Bí ó bá ku gíráàmù 200, a jẹ́ pé ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ni oúnjẹ gbígbẹ. Màlúù tí ó jẹ kìlógíráàmù 25 tútù jẹ 5 gbígbẹ. Oòrùn kì í gba gbogbo omi tán, ṣùgbọ́n èyí tí ó kù kò tó ohun tí yóò ba ìṣirò yín jẹ́. Ní ti ẹran tí ń jẹ̀ káàkiri, kò sí bí a ti lè wọn ohun tí ó jẹ. Níbẹ̀ ni ìwọ̀n ara, wàrà àti ìrìn rẹ̀ yóò ti ràn wá lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí ti Nyando.

Wàyí o, a dé orí gáàsì fúnra rẹ̀. Nínú ìlànà IPCC ti 2006, kìlógíráàmù kan oúnjẹ gbígbẹ ní agbára 18.45, ní ìwọ̀n tí a ń pè ní mẹ́gájúùlù. Ẹ mú ìpín 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, kí ẹ fi 55.65 pín in, èyí tí í ṣe agbára inú kìlógíráàmù kan mẹ́téènì. Ẹ ó rí i pé kìlógíráàmù kan oúnjẹ gbígbẹ ń mú nǹkan bí gíráàmù 21.5 mẹ́téènì wá. Màlúù wa tí ó jẹ kìlógíráàmù 5 ń tú gíráàmù 108 jáde lójúmọ́. Bí ó bá ń jẹ bẹ́ẹ̀ yípo ọdún, nǹkan bí kìlógíráàmù 39 ni. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú kí oúnjẹ rẹ̀ dín sí kìlógíráàmù 3.5 lójúmọ́ fún oṣù mẹ́rin, yóò jẹ́ nǹkan bí 35. Ẹ rí i pé ẹni tí kò bá mọ ẹ̀ẹ̀rùn àgbẹ̀ kò lè mọ gáàsì màlúù rẹ̀.

Síbẹ̀, èmi kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí ń fi gáàsì ojúmọ́ nìkan dá ẹran lẹ́jọ́. Ká ní màlúù tí ó jẹ kìlógíráàmù 5 yìí ń fún yín ní lítà wàrà kan. Gíráàmù 108 ni lítà náà ná wa. Ká ní ẹlòmíràn fún tirẹ̀ ní oúnjẹ dáradára, tí ó jẹ kìlógíráàmù 7, tí ó sì fún un ní lítà mẹ́ta. Gáàsì rẹ̀ lójúmọ́ yóò di 151, ṣùgbọ́n lítà kọ̀ọ̀kan kò ná ju nǹkan bí gíráàmù 50 lọ. Ìdí ni pé púpọ̀ nínú ohun tí ẹran ń jẹ kò ju èyí tí yóò fi wà láàyè lọ. Lẹ́yìn èyí ni ti wàrà àti ti ẹran ara tó kàn. Bákan náà, akọ tí ó pẹ́ ọdún mẹ́fà kí ó tó tó tà ti tú gáàsì ọdún mẹ́fà jáde fún ẹran kan náà tí ẹlòmíràn rí ní ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Nítorí náà, kí ẹ máa kọ wàrà àti ọjọ́ títà sílẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n oúnjẹ. Bí ẹ bá sì fẹ́ dán oúnjẹ tuntun wò, bí èèpo ẹ̀gẹ́ tí a sá gbẹ dáradára, tàbí ewé àgúnmániyè tí àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ ILCA ní Ìbàdàn gbé fún ewúrẹ́ àti àgùntàn ní àwọn ọdún 1980, ẹ wọn ẹran ṣáájú, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oṣù méjì.

Ìgbẹ́ ẹran náà ń mú mẹ́téènì wá, pàápàá èyí tí a kó jọ sínú kòtò olómi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Èyí tí ó gbẹ sí pápá kò tó nǹkan. Kìlógíráàmù kan lọ́dún ni ìwé 2006 kọ fún màlúù kan ní Áfíríkà. Ẹ kàn kọ bí ẹ ti ń kó tiyín sílẹ̀.

Ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tó fún gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹ fún ẹran kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀: orúkọ tàbí àmì rẹ̀, ọjọ́ tí a bí i, ìwọ̀n àyà àti gígùn rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ní àárín òjò, ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn àti ní ìparí rẹ̀, wàrà tí ó fún yín, ohun tí ó jẹ, ọjọ́ tí ó bímọ, àti ọjọ́ tí ẹ tà á tàbí tí ó kú. Ẹni tí kò mọ̀wé lè sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ kí ó kọ ọ́. Bí ọdún bá yí po, ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ àgíríìkì agbègbè yín wá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sí wa. Ìwé náà gan-an, kí ó wà lọ́wọ́ yín.