Àwòrán Ìlú Èkó: Ẹ̀rí fún Ìran tí Ń Bọ̀

Ẹ̀kọ́ tí mo gbé wá lọ́dún yìí dá lórí iṣẹ́ kan tí ó ti di ti gbogbo wa láti ìgbà tí kámẹ́rà ti wọ inú fóònù, èyíinì ni yíya àwòrán ìlú ńlá. Ọmọ tí ó bá kọ́kọ́ dé Èkó yóò ti ya ilé awòṣífìlà kí ó tó béèrè omi mu. Ìbéèrè mi ni èyí: mélòó nínú àwọn àwòrán wọ̀nyí ni yóò sọ ohunkóhun fún ọmọ ọmọ wa?

Nínú Orin Dáfídì 48, ẹsẹ 12 àti 13, àwọn ọmọ Kórà pe àwọn ènìyàn pé kí wọ́n rìn yí ìlú Síónì ká, kí wọ́n ka àwọn ilé ìṣọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì fiyè sí odi rẹ̀. Kì í ṣe fún ìgbéraga, bí kò ṣe kí wọ́n lè ròyìn rẹ̀ fún ìran tí yóò tẹ̀lé wọn. Ohun mẹ́ta ni a rí fà yọ níbẹ̀: ìrìn, kíkà àti ìròyìn. Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n wo ìlú Èkó.

Ìkínní ni ìrìn. Ibi tí ènìyàn dúró sí ni ó ń pinnu ohun tí yóò rí. Ẹni tí ó bá dúró sí ìdí ilé gíga ní Marina, tí ó sì kọ ojú fóònù sókè, yóò rí i pé ilé náà ń fì sẹ́yìn nínú àwòrán bí ẹni pé ó fẹ́ wó. Ilé kò jẹ̀bi. Kí ó rìn sẹ́yìn títí yóò fi lè mú fóònù dúró ṣánṣán, ilé yóò sì nàró. Bí ó bá fẹ́ rí bí àwọn ilé náà ti tò lẹ́sẹẹsẹ sí ojú ọ̀run, kí ó kọjá sí òdìkejì omi, ní ìhà Àpápá. Ní òwúrọ̀, ẹ̀yìn àwọn ilé náà ni oòrùn wà, wọn yóò sì dúdú bí òjìji. Ní ìrọ̀lẹ́, ìmọ́lẹ̀ yóò kan ojú wọn. Ìgbà ọyẹ́ a máa fi eruku bo ọ̀ọ́kán, ṣùgbọ́n lẹ́yìn òjò ńlá ojú ọ̀run a mọ́ gaara.

Ìkejì ni kíkà. Ẹni tí ń kà kò gbọdọ̀ fo ohunkóhun. Ẹ wo Kàtídírà Ìjọ Kristi ní Marina. Bagan Benjamin ni ó ya àpẹẹrẹ rẹ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1924, a fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1925, a kò sì parí rẹ̀ títí di 1946. Kò jìnnà sí i ni ilé NECOM wà, alájà 32, tí a parí ní 1979. Bí àwòrán kan bá mú àwọn méjèèjì pọ̀, ìtàn ọdún 33 ni ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé gíga nìkan kọ́ ni a ń kà. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ti 1894, tí João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà, kọ́, kò ga tó wọn, síbẹ̀ ó ń jẹ́rìí sí àwọn baba wa tí wọ́n ti Bùràsílì padà wá sílé pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Níhìn-ín ni mo ti ní ẹ̀ṣẹ̀ láti jẹ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, mo jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ní Èkó, mo sì fi owó oṣù mi ra kámẹ́rà. Fíìmù kan kò gbà ju àwòrán 36 lọ, nítorí náà mo ń ṣírò ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé NECOM, tí a ń pè ní NET nígbà náà, ni mo ń yà ṣáá. Ní ojúde Tinúbú, mo máa ń kọjá níwájú Ilojo Bar, ilé Àgùdà tí a kọ́ ní 1855, tí ìjọba sì ti kéde ní 1956 gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Mo máa ń sọ fún ara mi pé, “Ilé àtijọ́ ni, kò ní sá lọ.” Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Mo wá inú gbogbo àpótí mi, n kò rí àwòrán rẹ̀ kan ṣoṣo. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn mìíràn tí wọ́n yà á ni àwọn ọmọ fi lè mọ bí ó ti rí lónìí.

Ìkẹta ni ìròyìn. Àwòrán tí kò ní orúkọ, ọjọ́ àti ibi tí a ti yà á dà bí ẹlẹ́rìí tí ó yadi. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀. Ẹ tẹ èyí tí ó ṣe pàtàkì sórí bébà, nítorí fóònù a máa sọnù, a sì máa bàjẹ́. Ẹ má sì jẹ́rìí èké. Láti orí Afárá Third Mainland tí a parí ní 1990, èrò ọkọ̀ lè rí àwọn ilé gíga Erékùṣù Èkó níwájú, kí ó sì rí àwọn ilé orí omi ti Mákòko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹni tí ó bá fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ya ti àkọ́kọ́, tí ó sì ń gé ti èkejì kúrò, kò tí ì ròyìn Èkó. Àwọn ènìyàn ń gbé ibẹ̀. Ó sì yẹ kí a tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí a tó ya ojú wọn.

Ní ìparí, ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wálé. Nígbà tí a ń múra ìwé àjọ̀dún yìí sílẹ̀, a wá àwòrán ilé ìjọsìn wa àtijọ́, tí a wó kí a tó kọ́ gbọ̀ngàn tuntun. Ọ̀kan ṣoṣo ni a rí: ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ni ó wà níwájú, ìdajì òrùlé sì yọ lẹ́yìn wọn. A kò mọ ọdún tí a yà á. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ tú àpótí yín wò. Ẹ mú ohun tí ẹ bá rí wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́, kí ẹ sì kọ orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí ojú wa ṣì ríran, tí orí wa sì ṣì pé. Ẹ̀yin òbí, ẹ rán àwọn ọmọ jáde pẹ̀lú fóònù wọn lọ́la, kí wọ́n rìn yí ọgbà ilé ìwé yìí ká, kí wọ́n sì kà á. Ìran kan ń bọ̀ tí yóò béèrè.