Àpótí Ìmọ̀: Yàrá Ìkàwé Tó Wà Lórí Ìwé Nìkan

Ká ní ìwé ìṣúná sọ pé ìjọba ti kọ́ yàrá ìkàwé mẹ́ta sí àdúgbò yín. Ẹ débẹ̀, ìpìlẹ̀ lásán lẹ bá, ewúrẹ́ ń jẹko lórí rẹ̀. Irú èyí ni Tracka wà fún. Àjọ BudgIT, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2011, ló gbé e kalẹ̀ ní 2014: aráàlú á ya fọ́tò iṣẹ́ náà, á gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo ayé lè fi wé ohun tó wà nínú ìwé ìṣúná.

Òfin pàápàá gbè aráàlú. Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011 gba ẹnikẹ́ni láyè láti béèrè àkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ ìjọba láìsọ ìdí. Ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíì. Ọjọ́ 7 ni òfin fún iléeṣẹ́ náà láti fèsì. Bí ilé ẹjọ́ bá rí i pé wọ́n kàn fi àkọsílẹ̀ náà du olùbéèrè ni, ìtanràn 500,000 náírà ni. (Ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ṣì ń jókòó lé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀.)

Bí ẹ bá ń ya fọ́tò, ẹ kọ déètì àti orúkọ àdúgbò sí i, ẹ má jẹ́ kí ojú ọmọ iléèwé hàn, ẹ má sì tíì pe ẹnikẹ́ni lólè.