Bí Ará Ilé Ẹni Bá Ń Jẹ Kòkòrò Búburú

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀hùrù rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ọ̀rẹ́ tó ń rin ìrìnkurìn la sábà máa ń pa òwe yìí fún, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ìbàlẹ̀ ọkàn gan-an ló ń sọ. Ohun tí aládùúgbò ń ṣe, ohun tó ń sọ sí wa létí, bó ṣe ń tọ́jú wa tàbí bó ṣe ń gbójú kúrò lára wa, gbogbo rẹ̀ ló ń bá wa dórí ibùsùn.

Ẹ wo Ayọ̀bọ̀ níbí, ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó gbọ́dọ̀ ti jí kí àkùkọ tó kọ, kó wọ ọkọ̀ kòrópe dé Ìyànà Ìpájà, kó tún wá ọkọ̀ mìíràn níbẹ̀. Nígbà tó bá fi padà dé, ilẹ̀ ti ṣú, iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ti ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Sípíkà ilé ìjọsìn ń dún lápá ọ̀tún, ti ilé ọtí ń dún lápá òsì. A máa ń sọ pé ó ti mọ́ wa lára. Kò mọ́ wa lára o. Ẹni tí kò rí oorun sùn á máa kanra, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa ru, ọmọ tó ṣe àṣìṣe kékeré á sì jẹ ìgbátí tí kò tọ́ sí i.

LASEPA, àjọ tó ń rí sí àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ti fi òdiwọ̀n lélẹ̀: níbi tí èèyàn ń gbé, ariwo kò gbọdọ̀ kọjá dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 55 lọ́sàn-án, àti 45 lóru. Àmọ́ kí àjọ tó dé, ẹ̀yin onílé lẹ wà nítòsí. Ìpàdé ẹgbẹ́ onílé lè fẹnu kò sí aago tí gbogbo jẹnẹrétọ̀ yóò kú. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí gáàsì carbon monoxide tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò lóòórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa èèyàn mọ́ ojú oorun.

Ọ̀rọ̀ tó ń gba etí wọlé tún burú ju ariwo lọ. Ẹ rántí oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà kónílé-ó-gbélé Kòrónà. Owó ti tán lọ́wọ́ alágbàṣe, ebi ti wọlé. Ní àsìkò ọdún Àjíǹde ni ìránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fò kiri lórí WhatsApp pé àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìta One Million Boys àti Awawa ń bọ̀ wá jalè lálẹ́ òní. Ohùn tó ń gbọ̀n ni: "Wọ́n ti wọ àdúgbò wa o, ẹ tilẹ̀kùn!" Ohùn náà kò dárúkọ òpópónà kankan. Ní Alímọ̀ṣọ́ àti Agége, títí wọ apá Ògùn, àwọn ọkùnrin mú igi àti àdá, wọ́n dáná sun táyà ní oríta, wọ́n ṣọ́ ilẹ̀ mọ́. Olè jà níbòmíràn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, olè tí kò wá ni wọ́n ń ṣọ́, ẹni tó sì fi ìránṣẹ́ náà ṣọwọ́ rò pé oore lòun ń ṣe.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní oṣù Kẹjọ 2014, nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan ní ká fi omi iyọ̀ wẹ̀, ká sì mu ún, kí Ebola má bàa mú wa. Iyọ̀ gbé àwọn kan dé ilé ìwòsàn, ó sì pa àwọn mìíràn. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Kí a tó fi ránṣẹ́, ká béèrè: ta ló rí i, níbo, lọ́jọ́ wo? Bí kò bá sí ìdáhùn, ká pa á rẹ́.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí jù ni ọ̀rọ̀ ìtọ́jú. Ọ̀nà márosẹ̀ tó gba Ìyànà Ìpájà kọjá ló lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, ní 1923. Ní 1954 ló bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Àró tó wà níbẹ̀. Láyé ìgbà tí wọ́n ń de aláàárẹ̀ ọpọlọ mọ́lẹ̀, Lambo ní kí ó máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Ó kéré tán, ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá a wá, ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Aláìsàn ń gba oògùn òyìnbó, ó sì ń gbọ́ ariwo ọmọdé, ó ń rí àwọn tó ń lọ sóko. Lambo kò ta àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ nù, ó pè wọ́n mọ́ra. Òun fúnra rẹ̀ padà di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Lójú tèmi, ìbátan tó ń se oúnjẹ yẹn ni ìdajì oògùn náà.

Ọ̀pọ̀ ayálégbé ní Ayọ̀bọ̀ ló fi ẹbí sílẹ̀ nílùú wọn. Aládùúgbò ni ìbátan wọn. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2023, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun láti rọ́pò èyí tó ti wà látijọ́. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kò lè kan ilẹ̀kùn ìyá ìkókó tó ti ń sunkún láti ọjọ́ tó ti bímọ. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, àwọn mìíràn kò sì ní agbára àtisọ̀rọ̀ mọ́.

Bí ẹ bá ṣàkíyèsí pé ẹnìkan nínú ọgbà yín kò jáde mọ́, kò jẹun bó ti yẹ, kò kí èèyàn bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ kanlẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ má kọ́kọ́ wàásù fún un, ẹ jókòó tì í, ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀. Bó bá ní ayé ti sú òun, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Yábàá, ẹ̀ka rẹ̀ wà ní Òṣòdì, Àró náà kò sì jìnnà. Ẹ bá a lọ o. Ẹ má jẹ́ kó dá lọ.